Nígbà Tí Fèrèsé Di Pátákó: Lámèyítọ́ Lórí Àwọn Àwòrán Gàgàrà Ojú Ilé Ní Abuja

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Àwọn baba wa kan náà ni wọ́n sì sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe kejì ni a yàn láti tẹ̀lé nínú ìwé àjọ̀dún ti ọdún yìí. Ohun tó fà á ni pé ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa gbé àbá kan wá sí ìpàdé, pé kí a fi àwòrán sítíkà ńláńlá bo gbogbo fèrèsé iwájú gbọ̀ngàn. Wọ́n ti ya àpẹẹrẹ rẹ̀ sórí bébà: Odùduwà lápá ọ̀tún, àwọn tó ti jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ rí lápá òsì, àwọn tó dáwó jù láàárín, gbogbo wọn ga ju ènìyàn lọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwa kò pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tó jókòó tì wá yíjú sí wa, wọ́n ní, "Bàbá Túndé, ṣé kò wù yín ni?" A ní, "Ẹ̀yin Ìyá, ó wù wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọjá ti ìṣẹ́jú méjì." Ìdáhùn tí a jẹ wọ́n ní gbèsè nìyí.

Ẹni tó bá ti wà ní ìlú yìí láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Lagos ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 yóò rántí pé ọ̀dà ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sí ara ṣọ́ọ̀bù. Ayàwòrán á gun àkàbà, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni flex dé, tí wọ́n ń nà mọ́ férémù irin. Lẹ́yìn flex ni sítíkà tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní SAV, awọ ọ̀rá tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán sí lójú. Oríṣi méjì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ọ̀kan dí pátápátá, ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà á kọjá dáadáa. Èkejì ni wọ́n ń pè ní one way vision. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ bíi ti asẹ́, nǹkan bí ìdajì ara rẹ̀ ló sì jẹ́ ihò.

Àwọn kan rò pé idán ni ti onihò yẹn. Kì í ṣe idán. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, iwájú rẹ̀ ní àwọ̀. Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ òde lágbára ju ti inú ilé lọ, nítorí náà àwòrán ni ará òde ń rí, ẹni tó wà nínú sì ń gba ojú ihò wo òde. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n tan iná, ọ̀rọ̀ yí padà: àwòrán á ṣá, ará òde á sì máa wo ẹni tó jókòó nínú ilé. Ẹni tó bá fi í ṣe kọ́tìnnì iyàrá rẹ̀ kí ó mọ̀ pé ọ̀sán nìkan ló bo òun láṣìírí.

Báwo ni ó ṣe wá gba ìlú kan tó báyìí? Lójú tiwa, orúkọ tí kò dúró ló fà á. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Soludo ti báńkì àpapọ̀ kéde ní oṣù Keje ọdún 2004 pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 25 náírà, báńkì 89 ló di 25 nígbà tí ọdún 2006 fi máa bẹ̀rẹ̀. Ní 2011, Oceanic wọnú Ecobank, Intercontinental wọnú Access, Bank PHB di Keystone, Afribank di Mainstreet. Ti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Econet ní 2001 jẹ́ Vodacom fún ìgbà díẹ̀ ní 2004, ó di Vmobile, ó di Celtel ní 2006, ó di Zain ní 2008, ó di Airtel ní 2010. Orúkọ mẹ́fà nínú ọdún mẹ́wàá! Ta ni yóò fi ọ̀dà kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sára ilé? Ohun tí a lè fi ọ̀bẹ bó lálẹ́ kí a sì lẹ òmíràn mọ́ ọn láàárọ̀ ni ó bá wọn lára mu. Nígbà tí àwọn ilé ìtajà, ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti ilé ìjọsìn rí i, àwọn náà tẹ̀lé e, àwọn tí kò tíì yí orúkọ padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé.

A ti dúró wo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní Wuse II, lẹ́bàá Aminu Kano Crescent, a bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀. Yorùbá ni méjì nínú wọn. Ṣómólú ní Lagos ni èyí àgbà ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó wá sí Utako. Wọ́n kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ gíláàsì, wọ́n fi abẹ fá gọ́ọ̀mù àtijọ́, wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ. Èyí àgbà bó bébà ẹ̀yìn sítíkà díẹ̀, ó lẹ orí rẹ̀ mọ́ òkè, ó wá ń fi róbà pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sínú rẹ̀. Bí a ti ń sún mọ́ wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró lábẹ́ wa o." A bi í pé kí ló dé tí kò fi wọ́n omi sí gíláàsì kí ó lè rí i yí kiri bí wọ́n ti ń ṣe sí ti orí ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti onihò kì í fẹ́ omi, omi á há sínú ihò, gọ́ọ̀mù kò sì ní mú. Ó ní tí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá fi wọ́, gbogbo èyí tó kù ni yóò wọ́ tẹ̀lé e. Aṣọ ńlá kan ni lójú wa, ṣùgbọ́n abala mẹ́sàn-án ni, ó sì so wọ́n pọ̀ débi pé a ní láti fi ojú wá ojú ìránṣọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni, a yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pákó kan ní àjà kẹta, kò sí okùn ní ìbàdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bẹ́líìtì. A bi í nípa èyí pẹ̀lú. Ó ní, "Bàbá, oníṣẹ́ kò san owó ìyẹn mọ́ ọn." A ń sọ èyí nítorí pé nígbà tí ìgbìmọ̀ wa ka iye tí wọn yóò ná, wọ́n ka owó sítíkà, wọ́n ka owó ọwọ́, a kò gbọ́ ti okùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí àwòrán gan-an, nítorí pé ohun tí lámèyítọ́ wà fún nìyẹn. Àléébù tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tó ya àwòrán kò tíì rí ilé náà rí. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ṣe é, bí ẹni pé ojú ilé jẹ́ bébà kan ṣoṣo. Ojú ilé kì í ṣe bébà. Férémù wà níbẹ̀, òpó wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì tó pín àjà sọ́tọ̀ wà níbẹ̀. A mọ ilé kan ní Garki tí wọ́n lẹ obìnrin arẹwà kan mọ́ láti àjà kìíní dé àjà kẹrin: ojú rẹ̀ wà ní àjà kẹrin, imú rẹ̀ wọnú sìmẹ́ńtì, ẹnu rẹ̀ ló tún jáde ní àjà kẹta. Èyí tó tún burú ni ti fèrèsé alumíníọ̀mù tó ń wọ́. Ó dára títí ooru fi mú akọ̀wé kan tó wọ́ fèrèsé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní wéré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gun orí etí, ojú kan ṣẹ́kù. Ní ti fèrèsé olúfà, kí a má tilẹ̀ sọ ọ́: bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ lúfà ní títì, ẹni tó bá ṣí i ti gé àwòrán wẹ́wẹ́ bí ilá.

Ojú ta sì ni wọ́n ń lẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí wa ní Wuse àti Jabi, a kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Wọ́n ti ra àwòrán wọn láti ìlú òkèèrè ni. Eyín wọn funfun, kò sí ẹni tó ń làágùn nínú wọn, ọmọ méjì, bàbá kan, ìyá kan, kò sí ìyá àgbà nínú ilé. Oòrùn Abuja kì í sì í mọ ẹni tó lẹ́wà. Kí ọdún tó yí po, pàápàá bí ó bá jẹ́ sítíkà pọ́ọ́kú, pupa á ti di òṣùpá, dúdú á ti di eérú. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku á dí gbogbo ihò. Òjò àkọ́rọ̀ á wá fa eruku náà wálẹ̀ bí omijé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Títí dé ibi yìí, ará òde nìkan ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ilé ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ọ́fíìsì kan wà tí a ti ṣiṣẹ́ rí, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe àjọ̀dún kan, wọ́n sì fi sítíkà tó dí bo gbogbo fèrèsé tó kọjú sí títì. Láti òde, ilé náà ń dán. Nínú, a ń tan iná ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Bí NEPA bá mú iná, bí a ti ń pè wọ́n títí dòní bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ti yí padà, a ó gbé fáìlì wa jáde lọ sí kọ̀rídọ̀ kí a lè rí i kà. Obìnrin kan tó ń tẹ ìwé lọ́dọ̀ wa wí lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, mi ò mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ tàbí oòrùn ń ràn mọ́." Ìyẹn kò tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù Kẹta, gíláàsì kan là láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àwa tí a kọ́ ìmọ̀ ilé-kíkọ́ díẹ̀ ní Pólì mọ ohun tó fà á: àwọ̀ dúdú ń mu oòrùn, àárín gíláàsì gbóná, etí rẹ̀ tó wà nínú férémù tutù, àárín fẹ́ fẹ̀, etí kọ̀. Ó gbọ́dọ̀ là ni. Nígbà tí wọ́n bó sítíkà náà níkẹyìn, gọ́ọ̀mù kù sí gíláàsì, ó sì wà níbẹ̀ títí a fi kúrò ní ọ́fíìsì yẹn.

Èyí tó ń dùn wá ni pé kì í ṣe pé a kò mọ bí a ti ń fi ihò ṣe ẹwà. Ẹni tó bá ti dé Yunifásítì Ìbàdàn yóò ti rí ilé ìkàwé Kenneth Dike. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ya àwọn ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ògiri onihò ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀: oòrùn kò rí ìwé bá jà, atẹ́gùn ń kọjá, òjìji àwọn ihò náà sì ń yàwòrán sílẹ̀ láìsí íńkì. Ẹ tún wo Yunifásítì Ifẹ̀ tí Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì yà ní àwọn ọdún 1960. Níbẹ̀, àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bo fèrèsé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àlejò wọ̀nyẹn wo ojú ọ̀run wa kí wọ́n tó fi ìlà lé bébà. Ní Abuja tiwa, a kọ́ ilé onígíláàsì sínú oòrùn, oòrùn wọlé, a gbé ẹ̀rọ amúlétutù wá, owó iná pọ̀, a wá fi sítíkà bo gíláàsì tí a fi owó rà kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Sítíkà onihò jẹ́ ìbátan ògiri onihò ti Ìbàdàn, àmọ́ ìbátan tó jogún orúkọ tí kò jogún ìwà: ihò wà lára rẹ̀, atẹ́gùn kan kò gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ iná ọmọ ọ̀rara ńkọ́? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí ilé Afriland Towers jó ní Broad Street ní Lagos, èéfín kún inú ilé, a sì rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gba ojú fèrèsé sá jáde. Àwọn kan kò yè é. A kò sọ pé sítíkà ló fa ìyẹn, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Ohun tí à ń wí ni pé lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn bá dí, fèrèsé ló kù. Panápaná tó dúró nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ tó ń jù nínú ilé. Bí ẹ̀rín obìnrin arẹwà bá bo gíláàsì, ta ni yóò rí ọwọ́? Láti ọdún 1991 ni òfin ti wà lórí gíláàsì dúdú nínú ọkọ̀, àwọn ọlọ́pàá sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Gíláàsì ilé tí igba ènìyàn wà nínú rẹ̀ kò rí ẹni bi í léèrè tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé ìlú yìí kò ní olùṣọ́. Abuja jẹ́ ìlú tí a kọ́kọ́ yà sórí ìwé kí a tó kọ́ ọ. Àwọn IPA parí ìlànà rẹ̀ ní 1979, Kenzo Tange ará Japan ló sì ya àárín ìlú, kí ojú lè máa ríran tààrà dé ilé aṣòfin pẹ̀lú Àpáta Aṣó lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ka kan wà ní FCT tí wọ́n ń pè ní DOAS tó ń bójú tó pátákó àti àmì ìpolówó, bí LASAA ti ń ṣe ní Lagos láti 2006. Owó gbígbà lórí pátákó yé gbogbo wa. Ìbéèrè bóyá àwòrán kan yẹ ojú ilé kan ni a kì í gbọ́. Ní São Paulo ní Brazil, wọ́n ṣe òfin ní 2006 pé kí pátákó ìpolówó kúrò lójú ìlú, nígbà tí 2007 sì dé, wọ́n kó wọn lọ. Àwa kò ní kí Abuja le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní Utako gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti ọ̀nà Kaduna bọ̀ tó rí Àpáta Zuma, èyí tó wà lẹ́yìn owó ₦100 tí wọ́n gbé jáde ní 1999 tí àwòrán Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀, yóò rí i pé òkúta yẹn ní ojú àti ẹnu tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

A ti rí èyí tó dára pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan wà ní Kubwa tí wọ́n fi sítíkà aláwọ̀ ìkuukùu bo ìdajì ìsàlẹ̀ fèrèsé wọn nìkan. Wọ́n gé àwòrán ẹyẹ àti ewé sí i lára, ibi tí wọ́n gé ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà yọ. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò sí lójú títì, ọmọ tó gun àga sì ń rí ọ̀run. Ẹni tó ṣe é wọnú ilé kí ó tó ṣe é. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

Nísinsìnyí, gbọ̀ngàn wa. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí orí àpẹẹrẹ náà. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kọ ni "Ilé Ọ̀wọ̀". Ohun tó wà lórí bébà ni ILE OWO, láìsí àmì kan. Bí lẹ́tà bá ga tó ènìyàn méjì, àṣìṣe náà á ga tó ènìyàn méjì. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rò pé à ń yáni lówó níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, tí Yorùbá wọn ń fi Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀gbẹ́, ojú gbọ̀ngàn yìí ni wọn yóò ti kọ́ bí a ṣe ń kọ èdè baba wọn sílẹ̀. Atẹ̀wé tó bá ní kọ̀ǹpútà òun kò ní àmì ohùn, ẹ jẹ́ kí a wá ẹlòmíràn.

Èkejì, ojú àwọn olówó. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá dáwó, kí Ọlọ́run fi kún un. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ àwòrán márùn-ún lọ́dún yìí, tí ẹni kẹfà dáwó ju gbogbo wọn lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ojú ta ni a ó bó? A ti rí ohun tí abẹ ń ṣe sí ojú ènìyàn lára gíláàsì; imú ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Kò yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbà wa, kí àwọn ọmọ wọn sì máa wò ó. Ògiri tó wà nínú gbọ̀ngàn, lápá ọ̀tún bí a bá wọlé, ṣófo. Kí a gbé fọ́tò wọn sínú férémù onígi síbẹ̀, gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan náà, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n sìn.

Ní ti fèrèsé, mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mẹ́fà tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ń dá lóró lásìkò ìpàdé ìrọ̀lẹ́. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ lo sítíkà, kí wọ́n lo aláwọ̀ ìkuukùu sí ìdajì ìsàlẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn, kí wọ́n sì gé àrà àdìrẹ sí i lára. Ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, àwọn ìyá wa mọ àrà tó tó mẹ́fà. Kí owó okùn àti bẹ́líìtì àwọn tí yóò lẹ̀ ẹ́ wà nínú ìwé ìnáwó. Mẹ́jọ tó kù, títí kan méjì tó wà lẹ́yìn àga àwọn ìyá níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé bí iná bá lọ, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Omi àti ọṣẹ ni wọ́n ń fẹ́. A ti sọ fún akọ̀wé pé àwa àti àwọn ọmọ wa yóò wá fọ̀ wọ́n ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú àjọ̀dún, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹni tó bá ní àkàbà, kí ó jọ̀wọ́ gbé e wá.